Ṣé ó yẹ kí ọlọ́pàá náà máa pa òfin páàkì àti òfin ojú pópó mọ́ bíi tiwa?

Táíwò_Ìsàlẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ní agbègbè Táíwò n'Ìlọrin, nígbà tí àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, takisí kan dúró kí ó lè sọ ìyá àgbàlagbà kan kalẹ̀. Ìyá náà ní àpò ẹ̀lùbọ́ méjì nínú búùtù. Kò tíì gbé èkejì jáde tí ẹ̀ṣọ́ kan tó ń darí ọkọ̀ fi dé, tó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, tó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ní ibi tí takisí dúró sí kì í ṣe ibi ìdúró. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n Hilux ọlọ́pàá kan wà níwájú takisí yẹn gan-an. Ó ti gba ìdajì títì, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, kò tan iná ìkìlọ̀ kankan. Awakọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá oníwàrà, ó ń dúró kí wọ́n dín tirẹ̀ fún un. Gbogbo àwa tí a wà lẹ́yìn ni à ń yà fún Hilux náà, tí à ń bọ́ sí ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ wá pàdé wa. Ẹ̀gbẹ́ Hilux yìí ni ẹ̀ṣọ́ náà gbà kọjá nígbà tó ń lọ bá takisí. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má mú takisí o. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ẹni tí ìjọba wọ aṣọ fún kí ó lè máa mú àwọn tó ń rú òfin, ṣé òfin ọ̀hún kò kan òun ni? Bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ kánjúkánjú, bó ṣe pé ó fẹ́ ra nǹkan jẹ ni, tàbí ó ń lọ sílé, kí ló dé tí gbogbo ìlú á fi máa yà fún un?

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọlọ́pàá kankan, kí ẹ má sì dárúkọ àgọ́ kankan. Gbogbogbò ni ọ̀rọ̀ yìí.

Awakọ̀_Gàréèjì_Ọ̀fà:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ọ̀gá mi. Ohun tó ń dun gbogbo àwa awakọ̀ lẹ gbé kalẹ̀ yìí. Èmi ni mò ń na Ìlọrin sí Ọ̀fà. Gánmọ̀, Ìdọ̀fìan, Àjàṣẹ́-Ìpo, mo mọ gbogbo ọ̀nà yẹn bí ẹní mowó. Bí mo bá gbàgbé bẹ́líìtì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á já ìwé fún mi. ₦2,000 ló wà nínú ìlànà ọdún 2012. Mo máa ń san án, torí ẹ̀mí mi ni bẹ́líìtì ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ọkọ̀ ọlọ́pàá tó bá kọjá níwájú yín lónìí, kí ẹ wò ó bóyá awakọ̀ rẹ̀ de bẹ́líìtì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Wọ́n á jókòó sí etí Hilux, ẹsẹ̀ á máa jù dìrọ̀dìrọ̀ níta, ìbọn á wà lórí itan. Bí táyà bá bẹ́, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó nílé, wọ́n ní ọmọ. Kí ni kò jẹ́ kí àwọn ọ̀gá wọn rí i?

Èyí tó tún burú jù lójú tèmi ni wan-wéè. Ọlọ́pàá á kọjú ọkọ̀ sí mi lójú ọ̀nà tèmi, á tan iná ńlá sí mi lójú, èmi tí mo wà níbi tó tọ́ ni mo gbọ́dọ̀ wá ibi sá sí. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ọlọ́kadà á tò tẹ̀lé e, kẹ̀kẹ́ Márúwá á tẹ̀lé àwọn ọlọ́kadà. Kó tó pẹ́, kò sí ẹni tó lè lọ, kò sí ẹni tó lè bọ̀. Ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyá_Aláṣọ_Ọjà_Ọba:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjà kún un. Bí ọkọ̀ ẹni tí kì í ṣe nǹkankan bá dí ojú ṣọ́ọ̀bù mi, màá jáde, màá ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún un díẹ̀, oníbàárà ń bọ̀.” Yóò sún un. Bó bá ṣe ọkọ̀ tí wọ́n gbé fìlà ọlọ́pàá sí orí dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ta ni màá lọ bá? Ọkọ̀ náà lè wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá pe Àsárì. Oníbàárà tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò rí ibi gbà wọlé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa lọ. Kò sí ẹni tó máa san owó ọjọ́ yẹn fún mi.

Ohun tí mo wá rí ni pé kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló ń gbé fìlà síbẹ̀. Àbúrò ọlọ́pàá ń gbé e, ọ̀rẹ́ ọlọ́pàá ń gbé e. Mo ti rí ọmọdékùnrin kan tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n, tó gbé aṣọ iṣẹ́ kọ́ sí fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní bàbá òun ló ni ín.

Ìyàwó_Ọlọ́pàá:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, kí ẹ má sì bínú sí mi. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í gbọ́ fóònù tó ń dún lóru. Ẹ kì í rí i bí ó ṣe máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì láì tíì bù ú lẹ́ẹ̀kejì, tí yóò sì jáde.

Ọlọ́pàá kò lè gbé ọkọ̀ sí ibi tó jìnnà kí ó wá máa fi ẹsẹ̀ rìn bíi tiwa. Bí ìpè bá dé nígbà tó wà lọ́jà, ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́fà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018. Àwọn adigunjalè wọ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wọ àwọn báńkì. Àwọn tó kú lé ní 30, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn. Obìnrin mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń retí wọn nílé, ìyàwó tàbí ìyá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ mi bá ní òun ò ní gbé ọkọ̀ sí ibi tí ojú òun kò tó, èmi kì í bá a jiyàn.

Nípa fìlà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo gbà pẹ̀lú ìyá wa. Kò dára.

Táíwò_Ìsàlẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn fún yín. Mo sunkún ọ̀rọ̀ Ọ̀fà nígbà náà, torí mo ní ẹbí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ń lé olè, kí wọ́n gba iná pupa kọjá, kí wọ́n gba wan-wéè, kí wọ́n fi ọkọ̀ sí àárín títì bí wọ́n bá fẹ́. Èmi ni màá kọ́kọ́ yà, màá tún bá wọn lé àwọn tó wà níwájú kúrò lọ́nà. Iṣẹ́ ni à ń yà fún. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé kí aṣọ nìkan, láìsí iṣẹ́, gba ààyè tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́. Wàrà kì í ṣe olè.

Ẹ tún wò ó: bí ìpè bá dé ní ìrọ̀lẹ́ àná yẹn, ṣé Hilux tí a há sí àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, lè tètè dé ibi kankan?

Sájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì_Ìgbómìnà:

Mo ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, mo ń dáko báyìí. Ìbéèrè tí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bi ní ìkẹyìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa, ohun tí wọ́n sọ fún wa nípa páàkì kò ju pé kí a fi ẹ̀yìn wọlé, kí imú ọkọ̀ kọjú síta, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ awakọ̀, kí awakọ̀ má jìnnà. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kí a páàkì sí àárín títì. Ọkọ̀ tó kọ imú síta ní ibi tó tọ́ á tètè jáde ju èyí tí takisí mẹ́wàá ti há mọ́ lọ. Ìyàwó ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín, á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́, torí mo ti inú rẹ̀ wá. Awakọ̀ Hilux kì í dá ìpinnu ṣe. Ọ̀gá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní, “Dúró níbí.” Bí awakọ̀ bá ní, “Ọ̀gá, ibí yìí kò dáa,” ọ̀rọ̀ di ìwọ̀sí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ á wo èyí, á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe rí. Lọ́jọ́ tí òun náà bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, á gbé fìlà sí orí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Èkejì: ta ló lè mú ọlọ́pàá lójú pópó? Àwọn wọ́dìn tó ń darí ọkọ̀, abẹ́ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan náà ni wọ́n wà. Wọ́dìn kan ò ní dá ọkọ̀ Ínsípẹ́kítọ̀ dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó pàápàá máa ń ṣọ́ra, torí bó bá di ìjà láàárín aláṣọ méjì, ojú títì ni gbogbo ayé ti máa wò ó. Ní oṣù Keje ọdún 2012, Fashola tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà fúnra rẹ̀ ló dá kọ́nẹ́ẹ̀lì ológun kan dúró lójú ọ̀nà BRT, ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo ní, ṣé ìgbà tí gómìnà bá kọjá nìkan ni òfin máa ṣiṣẹ́ ni? Ẹni tó yẹ kó lè ṣe é ni ọmọ kékeré tó dúró sínú oòrùn ní oríta, kí ó sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà láìbẹ̀rù pé wọ́n máa gbé òun lọ sí ibòmíràn.

Lọ́yà_Ọ̀mù-Àrán:

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Mo fẹ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ lójú òfin, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọlọ́pàá ní ààbò kan tí àwa kò ní.

Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, Apá 308 ló dárúkọ àwọn tí wọn kò lè gbé lọ sílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n bá wà lórí oyè: Ààrẹ, igbákejì rẹ̀, gómìnà, igbákejì gómìnà. Ó parí síbẹ̀. Kò sí mínísítà níbẹ̀, kò sí sẹ́nétọ̀, kò sí ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti kọ́ńsítébù. Òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2020 ló rọ́pò èyí tí wọ́n ti ń lò láti ayé òyìnbó, láti 1943. Ohun tó gbé lé wọn lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n mú òfin ṣẹ, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ ará ìlú. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n má tẹ̀lé òfin páàkì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pàjáwìrì wà lóòótọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ọkọ̀ panápaná, ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ kánjúkánjú, a gbọ́dọ̀ yà fún wọn nígbà tí fèrè wọn bá ń dún tí iná wọn sì ń kọ mànà. Fèrè àti iná yẹn ló ń sọ fún ìyókù wa pé iṣẹ́ dé. Ọlọ́pàá tí kò fọn fèrè, tí kò tan iná, tó sì gba wan-wéè, kò fún ẹni tó ń bọ̀ níwájú ní àǹfààní kankan láti gba ara rẹ̀ là. Bó bá kọlu ènìyàn, ẹjọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi àti tiyín.

Nípa nọ́mbà ọkọ̀ náà, ẹ rántí pé ní ọdún 2022 ni ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ìgbà náà fòfin de nọ́mbà SPY, nọ́mbà ọkọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn ọlọ́pàá, torí àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá ń lò ó láti fi rú òfin ojú pópó. Ohun kan náà ni fìlà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí ìyá wa sọ. Àmì iṣẹ́ ti di ìwé àṣẹ fún ẹni tí kò ní iṣẹ́.

Ọmọ_Ẹ̀rìn-Ilé_London:

Mo ń ka yín láti London níbí. Lọ́yà, ẹ ṣeun, ohun tí ẹ sọ bá ti ibí mu. Òfin wọn ti ọdún 1984 sọ pé ìwọ̀n eré kò de ọkọ̀ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ọlọ́pàá, bó bá jẹ́ pé títẹ̀lé ìwọ̀n eré yẹn máa ṣèdíwọ́ fún iṣẹ́ ọ̀hún. Iṣẹ́ ni òfin yẹn so ọ̀rọ̀ mọ́. Níbi iná pupa, wọ́n lè kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ rọra, kí wọ́n má fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Mo ti rí i lójú ara mi: ọkọ̀ ọlọ́pàá á dé ibi iná pẹ̀lú fèrè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátá, á yọjú wo ọ̀tún òun òsì, kó tó kọjá.

Ẹ má sì rò pé ìṣòro tiwa nìkan ni. Ìbátan mi kan wà ní New York. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ máa ń gbé ọkọ̀ ara wọn sí orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní àyíká àgọ́ wọn, wọ́n á fi káàdì iṣẹ́ sójú gíláàsì. Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ kò lè kọjá, ìyá tó ń ti ọmọ kò lè kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ sí títì. Ní ọdún 2024, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Manhattan kọ̀wé sí ìlú náà pé èyí tako òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara. Fìlà orí dáṣíbọ́ọ̀dù náà nìyẹn, orúkọ ló yàtọ̀.

Bàbá_Àgbà_Ọ̀kẹ́-Odé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí n rántí nǹkan kan. Ní ọdún 1984, nígbà ìjọba Buhari àkọ́kọ́, ọmọ Ìlọrin wa, Túndé Ìdíàgbọn, igbákejì Buhari, ló dìde pẹ̀lú WAI, ètò tí ìjọba fi gbógun ti ìwà àìlétò. Ní oṣù Kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa tò. Ní ibùdókọ̀ a tò, ní báńkì a tò, àwọn tí kò tíì tò rí láyé wọn tò. Ọkọ̀ kò dúró síbi tó bá wù ú mọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà náà, mi ò ní purọ́, títí dòní mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún Ìdíàgbọn torí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Kòbókò ló mú wa tò. Sójà tó mú kòbókò lọ́wọ́ kò tò pẹ̀lú wa. Iwájú ló ń gbà wọlé. Nígbà tí ìjọba yẹn sì lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ìlà tú. Kò tó oṣù mélòó kan tí a padà sí bí a ṣe wà. Mo ti rò ó títí. Èrò mi ni pé, bí àwọn sójà yẹn bá ti dúró lórí ìlà pẹ̀lú wa, kódà láìmú kòbókò, ìlà yẹn ì bá má tú báyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yìí fi ká mi lára. Àwọn ọmọ ń wò.

Ọmọ_Ìta_Amọ́:

Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Àwa ńkọ́? Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ wo bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní àyíká mọ́ṣáláṣí, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní, ẹ̀kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ní ọjọ́ Sátidé, a ń fi àga àti tẹ́ǹtì dí odindi àdúgbò torí ìnáwó. Mélòó nínú wa ló ń gba láísẹ́ǹsì láìmọ ẹnìkan? A ń sọ ọlọ́pàá bí ẹni pé àwa jẹ́ mímọ́.

Àlùfáà_Gámbàrí:

Arákùnrin, òótọ́ lo sọ nípa ọjọ́ Jímọ̀, mo sì ti sọ ọ́ lórí mínbárì. Ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ aláìsàn nítorí ìrun, mi ò mọ irú làádá tó ń retí. Ní mọ́ṣáláṣí tiwa, a ti yan àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún títì. Ẹni tó bá pẹ́ dé á lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn, á fẹsẹ̀ rìn. Ó ń ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fi ẹ̀ṣẹ̀ wa bo ti ọlọ́pàá mọ́lẹ̀. Èmi kò ní àṣẹ láti yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní i. Wọn a máa gbowó ìtanràn lọ́wọ́ onítakisí, wọn a máa gbé ọkọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lọ sí àgọ́. Ẹni tí a fún ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ojú tí a ó fi wò ó kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìyá oníwàrà.

Olùgbé_Sábó_Òkè:

Kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba iwájú àwọn àgọ́ ọlọ́pàá fúnra wọn. Mi ò ní dárúkọ èyí kankan. Dúrọ́ọ̀mù, táyà tí wọ́n kó iyanrìn sí, igi tí wọ́n gbé dábùú. Ọ̀nà tó yẹ kó gba ọkọ̀ méjì á wá di ti ẹyọ kan. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, koríko ti hù láti inú ẹ́ńjìnnì wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ á gba àárín títì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Kí la fẹ́ pe ìyẹn, bí kì í bá ṣe páàkì tí kò bófin mu?

Sájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì_Ìgbómìnà:

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí dúrọ́ọ̀mù yẹn ti wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, wọ́n gbé bọ́ǹbù wọ olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá l'Ábújá nínú ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ọkọ̀ tó ń sáré wọlé ti mú kí àgọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè máa dí iwájú wọn. Lẹ́yìn Ọ̀fà, kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n kó o kúrò, èmi náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè tò ó dáadáa kí ẹlẹ́sẹ̀ rí ọ̀nà gbà, ìyẹn ni mo lè sọ.

Ti àwọn ọkọ̀ tó ń dípẹtà, ilé ẹjọ́ ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó jẹ́ ẹ̀rí kò ṣeé gbé kúrò títí ẹjọ́ á fi parí, ẹjọ́ ibí yìí a sì máa pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Ọ̀dọ́_Tánkẹ:

Èmi ò rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kí a máa ya fídíò wọn. Hilux tó bá páàkì lábẹ́ afárá Tánkẹ, ya á, gbé e sórí Facebook, kí gbogbo ayé rí ojú awakọ̀ náà. Ojú á tì wọ́n.

Ìyàwó_Ọlọ́pàá:

Àbúrò mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí o fẹ́ ya lójú yìí ní àwọn ọmọ nílé-ìwé, wọ́n á máa fi bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣe. Sájẹ́ǹtì ti ṣàlàyé rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́, tí inú ń bí, tí ó ti ṣiṣẹ́ láti òru, kì í ṣe ẹni tí à ń gbé fóònù sí lójú. Mo bẹ̀ ọ́, mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá.

Lọ́yà_Ọ̀mù-Àrán:

Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tó wúlò ni nọ́mbà ọkọ̀, ibi tó wà, ọjọ́ àti aago. Kò sí ohun tí ojú ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra wọn ti dá ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn ará ìlú sílẹ̀ láti ọdún 2015. Wọ́n ń gba ìpè, wọ́n ń gba àtẹ̀jíṣẹ́. Ìgbìmọ̀ PCRC tó wà láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú náà wà ní àwọn àgọ́ wa, àwọn èèyàn àdúgbò ló jókòó síbẹ̀, a kàn kì í lọ ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ lẹ́tà kan, kí a mú un lọ síbẹ̀. Kí ó kúrú, kí ó má bú ẹnikẹ́ni.

Táíwò_Ìsàlẹ̀:

Ó dára. Mo ti kọ ọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé:

A ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ kánjúkánjú má dúró lójú títì, kí wọ́n sì máa kọ imú síta níbi tó bá tọ́. A ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gba wan-wéè láìfọn fèrè, láìtan iná. A fẹ́ kí àwọn ọ̀gá sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé fìlà tàbí aṣọ iṣẹ́ nínú ọkọ̀ aládàáni kì í ṣe ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì sọ fún wọ́dìn àti ẹ̀ṣọ́ tó wà ní oríta, ní gbangba, pé bí wọ́n bá dá ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró lórí òfin, kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni Sájẹ́ǹtì wa là mí lójú sí. Mo fi bẹ́líìtì kún un nítorí Awakọ̀ wa. Mo kọ ti dúrọ́ọ̀mù náà.

Sájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì_Ìgbómìnà:

Yọ ti dúrọ́ọ̀mù. Bí DPO, ọ̀gá àgọ́, bá rí i, ọ̀rọ̀ ààbò ló máa bá yín sọ títí ìpàdé á fi tú, kò ní dé orí ìyókù.

Olùgbé_Sábó_Òkè:

Inú mi kò dùn sí i, torí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni mò ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́. Màá kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀.

Awakọ̀_Gàréèjì_Ọ̀fà:

Màá mú un lọ sí ẹgbẹ́ wa. Bí àwọn alága wa bá fọwọ́ sí i, ó máa ní ìwúwo. A ó sì fi kún un pé àwa awakọ̀ náà kò ní máa sọ èrò kalẹ̀ ní àárín títì mọ́, kí wọ́n má fi ìyẹn já wa lẹ́nu.

Ìyàwó_Ọlọ́pàá:

Mo fi han ọkọ mi lálẹ́ àná. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí n bẹ̀ yín sí: kí ẹ fi kún un pé kí ìjọba ìbílẹ̀ ya ibì kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọjà ńlá, Ọjà Ọba, Ìpàtà, Mandate, ibi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá kan lè dúró sí kí ó sì tètè jáde, tí àwọn ọlọ́jà kò ní pàtẹ sí. Ó ní bí ibẹ̀ bá wà, kò sí ẹni tó máa ní àwáwí.

Ìyá_Aláṣọ_Ọjà_Ọba:

Ìyàwó wa, èyí dára gan-an. Ti ká má pàtẹ síbẹ̀, ẹ fi ìyẹn lé èmi lọ́wọ́, màá bá àwọn ìyálọ́jà sọ ọ́ ní ìpàdé wa.

Táíwò_Ìsàlẹ̀:

Mo ti fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó kọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Lọ́yà wa á tẹ̀ ẹ́ jáde.